Kí ni wọ́n ń pè ní "ìwẹ̀ inú igbó" ní Japan? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Ohùn wọn ò jọ ti ẹni tó kàn fẹ́ kíni lásán. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, wọ́n ní kí n wá wẹ̀ nínú igbó. Àbí ta ni mo ṣẹ̀?"

Mo kọ́kọ́ rò pé wòlíì kan ló tún ríran sí wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa níbí, tí wọ́n bá ti ní kéèyàn lọ wẹ̀ nínú igbó tàbí létí odò, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tuntun ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, aṣọ téèyàn wọ̀ lọ sì lè má bá a padà wálé. Àṣé ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Nagoya, lórílẹ̀-èdè Japan, ló fẹ́ kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ òun, ó sì ti ṣètò ọjọ́ kan fún nǹkan tí wọ́n ń pè ní shinrin-yoku. Òun ló túmọ̀ ẹ̀ sí "ìwẹ̀ inú igbó" fún ìyá ẹ̀. Ìtumọ̀ náà ò kúkú burú, àmọ́ kò ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹni tó ń ta aṣọ n'Ìbàdàn.

Ohun tó wá kó mi láyà sókè ni èyí tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e. Ẹnì kan tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìnàjò ti fi àwòrán ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ìwòsàn àtayébáyé ni, pé atẹ́gùn igbó Japan ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn, pé ẹni tó bá lọ kò ní nílò oògùn mọ́. Ọdún 11 rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Wọ́n ti ń rò ó lọ́kàn pé tí àwọn bá ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Japan báyìí, àwọn á gbé oògùn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan." Ohun tí mo rí kó jọ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, àtohun tí ẹ̀gbọ́n fojú ara wọn rí nígbà tí wọ́n débẹ̀, ni mo kọ síbí. Kì í ṣe àwọn nìkan ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Olórí iṣẹ́ ìjọba ló sọ ọ́ lórúkọ

Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀. Shinrin ni igbó, yoku ni ìwẹ̀. Kò sí omi níbẹ̀, kò sí ọṣẹ, ẹnikẹ́ni ò sì ní bọ́ aṣọ. Àwọn ará Japan ti máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn tẹ́lẹ̀. Téèyàn bá lọ sétí òkun lọ gbádùn ara ẹ̀, ìwẹ̀ òkun ni wọ́n ń pè é. Tó bá jókòó yá oòrùn, ìwẹ̀ oòrùn nìyẹn. Ọdún 1982 ni Tomohide Akiyama, tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó nígbà náà, wá fi ìwẹ̀ igbó kún un.

Ẹ jẹ́ kí ọdún yẹn yé wa dáadáa o. 1982! Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti wà láyé nígbà náà. Ó dájú pé àwọn ará Japan ti bọ̀wọ̀ fún igi àti òkè láti ayébáyé, àwọn igi ńlá kan wà nínú ọgbà ojúbọ wọn tí wọ́n máa ń so okùn mọ́ nídìí, bí àwa náà ṣe máa ń so màrìwò mọ́ ibi ọ̀wọ̀. Àmọ́ shinrin-yoku gẹ́gẹ́ bí nǹkan téèyàn ń lọ ṣe fún ìlera, inú ọ́fíìsì ìjọba ló ti jáde wá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún, ọjà ló ń tà.

Kí ló dé tí ọ̀gá iṣẹ́ igbó á máa sọ̀rọ̀ ìlera? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Japan gbin igi rẹpẹtẹ, sugi àti hinoki ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí wọ́n nílò pákó láti fi tún ìlú kọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1964, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún pákó ilẹ̀ òkèèrè, owó tiẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti abẹ́lé lọ. Igi wà nílẹ̀ tó ń dàgbà, ẹni tó máa rà á kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Láàárín àkókò kan náà, àwọn èèyàn ti kúrò lábúlé, wọ́n ti kún inú ìlú ńlá, iṣẹ́ sì ń pa wọ́n ní tòótọ́. Kì í ṣe àsọdùn, wọ́n ní orúkọ fún ikú tí iṣẹ́ àṣejù ń fà: karōshi. Lójú tèmi, ńṣe ni ọ̀gá náà wo ọ̀tún wo òsì, tó rí igbó tí kò rẹ́ni lò ó, tó sì rí èèyàn tó ti rẹ̀, ló bá so méjèèjì pọ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Kò sì sí ohun tó ń tini lójú nínú pé ìjọba ló ronú ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pe gbogbo orílẹ̀-èdè wá ṣe é ni igbó Akasawa, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Agematsu, lágbègbè Nagano. Ibẹ̀ náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yàn. Ìtàn igbó yìí fúnra ẹ̀ tó kéèyàn tìtorí ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ológun ilẹ̀ náà ń kọ́ ilé olódi káàkiri, wọ́n gé igi agbègbè Kiso débi pé òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Àwọn ìjòyè Owari tó ń ṣàkóso ibẹ̀ wá fòfin dè é. Wọ́n ní igi kan, orí kan, ìyẹn ni pé ẹni tó bá gé igi hinoki kan, orí ẹ̀ ni yóò fi dí i. Òfin burúkú gbáà, àmọ́ òun ló jẹ́ kí igi tó ti lé ní 300 ọdún wà níbẹ̀ dòní. Agbègbè Kiso yìí náà ni wọ́n ti máa ń mú igi lọ tún ojúbọ ńlá Ise kọ́, torí ọdún ogún-ogún ni wọ́n ń wó o tí wọ́n sì ń kọ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n fi ń kó gẹdú nígbà kan ṣì wà ní Akasawa, àmọ́ àlejò ló ń kó báyìí.

Ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́ ẹ bá débẹ̀

Ká má parọ́, kò sí ohun bàbàrà kan. Èèyàn á rìn nínú igbó, ẹsẹ̀ á rọra máa lọ, wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ibi tí wọ́n sì máa rìn dé lè má tó kìlómítà méjì. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ pa fóònù. Ẹni tó ń mú yín rìn, ìyẹn amọ̀nà, á ní kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ dijú, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ohun tó jìnnà jù tẹ́ ẹ lè gbọ́, lẹ́yìn náà èyí tó sún mọ́ yín jù. Á ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan èèpo igi, kẹ́ ẹ gbóòórùn ewé. Á ní kẹ́ ẹ wá ibì kan jókòó sí, kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan fún ogún ìṣẹ́jú. Ó sábà máa ń jẹ́ pé tíì ni wọ́n máa fi parí ẹ̀.

Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń fún àwọn igbó kan ní ìwé ẹ̀rí ní Japan. Wọ́n á kọ́kọ́ mú èèyàn rìn níbẹ̀, wọ́n á yẹ ara wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀, kí wọ́n tó pe ọ̀nà ọ̀hún ní ọ̀nà ìwòsàn. Irú ibẹ̀ ti lé ní 60 báyìí, Akasawa sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní Japan nìkan. Ìjọba South Korea ní igbó ìwòsàn tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2012 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Amos Clifford dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tó ń kọ́ àwọn amọ̀nà. Nínú ti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ díẹ̀. Wọ́n máa ń jókòó yíká, kálukú á sọ ohun tó rí. Àwọn amọ̀nà wọn á ní igbó ni oníṣègùn, pé ilẹ̀kùn lásán ni àwọn ń ṣí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí ó túmọ̀ sí pé amọ̀nà kì í ṣe dókítà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pera wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń polówó fún wọn ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣe nǹkan kan. Kí ni nǹkan náà, báwo ló ṣe pẹ́ tó lára? Ibẹ̀ ni kéèyàn ti ṣọ́ra.

Yoshifumi Miyazaki, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chiba, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Lọ́dún 1990 ló ṣe ìwádìí ní erékùṣù Yakushima, níbi tí àwọn igi sugi tó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún wà. Èyí tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí jù ni èyí tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Igbó 24, èèyàn 280. Wọ́n pín wọn sí méjì, apá kan lọ sínú igbó, apá kejì lọ sáàárín ìlú, nígbà tó di ọjọ́ kejì wọ́n pààrọ̀ wọn. Wọn ò ṣe ju kí wọ́n rìn díẹ̀, kí wọ́n sì jókòó wo iwájú wọn. Nígbà tí wọ́n wà nínú igbó, cortisol, ìyẹn èròjà kan tí ara máa ń tú jáde nígbà tí wàhálà bá dé, lọ sílẹ̀. Ọkàn wọn ò lù kíkankíkan bíi ti inú ìlú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn náà sì dín.

Dókítà Qing Li, ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Nippon Medical School ní Tokyo, gba ọ̀nà mìíràn lọ. Lọ́dún 2005, ó kó ọkùnrin 12 tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Tokyo lọ sínú igbó ní Iiyama fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó máa ń gbógun ti àrùn. Ó ní agbára wọn pọ̀ sí i. Ó fura sí òórùn igi. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Boris Tokin ti sọ tipẹ́tipẹ́ pé ewéko máa ń tú èròjà kan jáde láti fi pa kòkòrò àrùn, ó pè é ní phytoncide. Ni Li bá mú ọkùnrin 12 míì, ó fi wọ́n sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún òru mẹ́ta, ó ń fín òróró hinoki sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tún lágbára sí i.

Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin 12? Ẹni tó bá ti ka ìwádìí ìṣègùn rí mọ̀ pé 12 kéré. Àwọn 280 yẹn náà, ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le ni wọ́n, kì í ṣe ìyá ẹni 61 ọdún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun kan tún wà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ń dán oògùn wò, wọ́n lè fún àwọn kan ní oògùn ayédèrú láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ta ló fẹ́ fún ọ ní igbó ayédèrú? Ẹni tó bá wà nínú igbó mọ̀ pé inú igbó lòún wà, ó sì ti ń retí kí ara òun balẹ̀. Àwọn olùwádìí kan láti Ítálì kó ìwádìí lórí cortisol jọ lọ́dún 2019. Wọ́n gbà pé ó ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n rí i pé nígbà míì ó ti ń lọ sílẹ̀ kí àwọn èèyàn náà tó wọgbó rárá. Ìrètí nìkan ti ṣe iṣẹ́ díẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi rèé, mo sì ní kí wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp wọn. Ìfúnpá tó dín lẹ́yìn wákàtí méjì lábẹ́ igi, ti wákàtí yẹn ni. Kò sọ pé bó ṣe máa wà nìyẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, kì í ké, ara lè fúyẹ́ kó sì wà lókè téńté. Èyí tó burú jù ni pé àwọn oògùn kan wà lára àwọn tí wọ́n ń lò fún un tó jẹ́ pé téèyàn bá dá wọn dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á fò sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ wá rò ó wò, kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sórí òkè ní Nagano, níbi téèyàn ò gbọ́ èdè wọn. Dókítà tó kọ oògùn nìkan ló lè sọ pé ó tó.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ

Oògùn yìí náà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìrìnàjò ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Ìjọba Japan gba èèyàn láàyè láti mú oògùn tí dókítà kọ wọlé fún ìlò ara ẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ti oṣù kan lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa gba ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Yunyu Kakunin-sho kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó ń ṣètò ìrìnàjò fún wọn ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ sí wọn rárá, ṣebí ó ti ní wọn ò ní nílò oògùn! Ọmọ wọn ló sáré bá wọn gbà á. Ẹ má sì kó oògùn ikọ́ àti ti ọ̀fìnkìn yòówù tẹ́ ẹ bá rí dání, nítorí àwọn kan ní èròjà tí òfin Japan kà sí oògùn olóró.

Akasawa máa ń ṣí láti ìparí oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn náà yìnyín á gbà á. Láti Nagoya, ọkọ̀ ojú irin ló ń lọ sí Agematsu, bọ́ọ̀sì á sì gbé yín láti ibẹ̀ lọ sínú igbó, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ga ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ, òtútù ẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ wa níbí. Béárì wà nínú àwọn igbó yẹn o, ìyẹn ni ẹ ó ṣe rí i tí àwọn tó ń rìn níbẹ̀ máa ń so aago kékeré mọ́ báàgì. Tí imú yín bá sì máa ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sá fún ìgbà ìrúwé. Igi sugi àti hinoki tí wọ́n gbìn lẹ́yìn ogun yẹn, eruku òdòdó wọn kì í jẹ́ kí ọ̀kẹ́ àìmọye ará Japan sinmi láti oṣù Kejì wọ oṣù Karùn-ún. Wọ́n á máa sín, ojú á máa yún wọn. Igi kan náà tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwòsàn!

Ṣé dandan ni kẹ́ ẹ sanwó amọ̀nà? Rárá. Ọ̀nà wà nílẹ̀, ẹ lè dá rìn ín. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2019, tí èèyàn tó tó 20,000 wà nínú ẹ̀, sọ pé àwọn tó ń lo ìṣẹ́jú 120 lọ́sẹ̀ níbi tí igi àti koríko wà ni wọ́n sọ jù pé ara àwọn le. Kò sọ pé igbó ló fà á, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ara ẹ̀ le ló ń jáde. Kò sì béèrè amọ̀nà. Èmi rò ó tẹ́lẹ̀ pé owó amọ̀nà, òfò ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló yí mi lérò padà díẹ̀.

Oṣù Kẹwàá ni wọ́n lọ. Wọ́n ní nígbà tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní káwọn dúró, àwọn rò pé ó ti ṣìnà, àwọn sì ti ń wò ó pé ọmọ àwọn ò mọ ẹni tó fi owó ẹ̀ fún. Ó gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó kúrò lọ́kàn wọn, pé ta ni wọ́n fi síbẹ̀, ṣé ó ti ta ankara tó kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbọ́ odò. Wọ́n ní ó ti ń dún látìgbà táwọn ti dé. Wọ́n fọwọ́ kan hinoki, wọ́n ní òórùn ẹ̀ dà bí ìgbà tí pákó tuntun bá dé sí Bódìjà lẹ́yìn òjò. Wọ́n wá sọ ohun kan tó ṣì wà lọ́kàn mi: "Látìgbà tí mo ti ń tajà, n ò tíì dúró sójú kan rí láìjẹ́ pé mo ń dúró de ẹnì kan."

Ká ní àwọn nìkan ni, wọ́n ní wọ́n ì bá ti rìn ín já láàárín ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n ya fọ́tò méjì, kí wọ́n máa béèrè ibi tí oúnjẹ wà. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń san fún amọ̀nà nìyẹn, ẹni tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kánjú. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe ìyẹn fúnra yín, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ọmọ wọn ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ nílé. Kí wọ́n tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, 148 lórí 92. Nígbà tí wọ́n padà dé, 137 lórí 86. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 146 lórí 91. Wọ́n ka gbogbo ẹ̀ fún mi lórí fóònù, wọ́n sì lo oògùn wọn tán kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n sun oorun wọnú ilẹ̀ mímọ́ lóru ọjọ́ yẹn, ohun tí wọn ò ṣe látìgbà tí ọkọ wọn ti kú.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bi mí pé ṣé kò sígbó n'Ìbàdàn ni. Ó wà. Igbó inú ọgbà IITA ṣì ń dún fún ẹyẹ, wọ́n sì lẹ́ṣọ̀ọ́. Igbó Ọ̀ṣun n'Ìlú Òṣogbo, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé lọ́dún 2005, tutù, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́, àmọ́ ilé ìjọsìn ni, ẹ lọ bá wọn níbẹ̀ bí àlejò. Ní ti àwọn igbó ọba yòókù, ẹ gbà mí. Ẹni tó bá ní kí n lọ dijú kí n tẹ́tí sílẹ̀ nínú igbó lásìkò ajínigbé yìí, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa la ojú tiẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Àwòrán yẹn ṣì wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn títí dòní. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ̀wé sábẹ́ ẹ̀: "Mo ti lọ. Ó dáa gan-an. Irọ́ ni ti oògùn."